Orí Kẹfà: Kí Ló Ń Fa Ọkàn Padà sí Ìlú Tí Ẹsẹ̀ Ti Kúrò?

Ẹni tó bá gba Ìlọrin dé Òmù-Àrán, tó sì ń bá ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀ àti Kàbà lọ, yóò kọjá ní Eruku kí ó tó wọ Ìpínlẹ̀ Kogí. Ìlú àgbẹ̀ ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì, ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Bíi ti Òsì, Ìlọ́fà, Òdò-Ọwà àti àwọn ìlú yòókù lágbègbè yẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ̀ ni kò sí nílé. Wọ́n wà ní Ìlọrin, ní Èkó, ní Àbújá, àwọn mìíràn sì ti sọdá òkun. Ẹlòmíràn ti lo ogójì ọdún níta, bẹ́ẹ̀ ni kò lò ju ọdún méjìdínlógún lọ nílé kó tó jáde. Síbẹ̀, bí o bá bi í pé ọmọ ibo ni, ìlú tó ti kúrò ni yóò dá lórúkọ. Á máa san owó ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Á kọ́lé síbi tí kì í sùn ju ọjọ́ mélòó kan lọ lọ́dún. Á sì máa kìlọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé ibẹ̀ ni kí wọ́n sin òun sí.

Kí ló ń ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀? Àwọn àgbà a máa dáhùn pé ẹ̀jẹ̀ ló ń fà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò mọ Eruku yàtọ̀ sí Èkó. Ohun tó mọ̀ ọ́n ni ọpọlọ, pẹ̀lú imú, etí àti ahọ́n tó ń jíṣẹ́ fún un. Nínú orí yìí, ìfàmọ́ ìlú ni n ó máa pe ohun tó so ènìyàn mọ́ ibi tó ti wá. Nígbà tí ìfàmọ́ yìí bá wá ń dun ni, a ti ní orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀: àárò ilé. Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, ní ìpele ìpele.

Nígbà tí àárò ilé jẹ́ àìsàn

Ní ọdún 1688, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ ìṣègùn ní Basel, ní Switzerland, kọ ìwé ìwádìí lórí àárò ilé. Johannes Hofer ni orúkọ rẹ̀. Ó ròyìn akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá láti Bern sí Basel. Àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, àwọn ènìyàn sì ti ń gbàdúrà fún un bí ẹni tó ń lọ. Nígbà tí wọ́n gbé e kọrí sílé, ojú ọ̀nà ni ara rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yá, kó tó dé Bern rárá. Ó tún ròyìn ọmọbìnrin ará oko kan tó ṣubú láti ibi gíga, tí wọ́n gbé lọ sílé ìwòsàn. Ọmọ náà kọ oúnjẹ, ó kọ oògùn, ilé ṣáá ló ń ké pè. Àwọn òbí rẹ̀ mú un lọ sílé, kò sì pẹ́ tó fi dìde.

Hofer ka ọ̀rọ̀ náà sí àrùn, ó sì fún un ní orúkọ tuntun tí gbogbo ayé ń lò títí dòní, nostalgia. Fún nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn rẹ̀, àwọn dókítà gbà pé àrùn ni lóòótọ́. Nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, láàárín 1861 sí 1865, àwọn dókítà ológun ń kọ ọ́ sínú ìwé pọ̀ mọ́ ibà àti ìgbẹ́ gbuuru. Àlàyé Hofer nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ ti di ohun àtijọ́, ṣùgbọ́n ó rí ohun pàtàkì kan: ó ní inú ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ náà wà, níbi tí àwòrán ilé ti fi àmì sílẹ̀. Ìgbà tiwa yìí ni a tó wá mọ bí àmì náà ṣe ń tẹ̀.

Ọ̀nà oko inú ọpọlọ

Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó wà lórí ènìyàn kan tó bílíọ̀nù 86. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń fi iná díẹ̀ àti àwọn èròjà inú ara ránṣẹ́ sí àwọn mìíràn. Ní ọdún 1949, ọ̀mọ̀wé ará Kánádà kan, Donald Hebb, là á yé àwọn ènìyàn pé bí sẹ́ẹ̀lì méjì bá ń jùmọ̀ ṣiṣẹ́ léraléra, ìsopọ̀ àárín wọn á máa lágbára sí i. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ sì fi ojú rí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ọ̀nà oko ni kí a fi yé ara wa. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ènìyàn gba inú igbó kan kọjá, koríko kàn tẹ̀ díẹ̀ ni. Bí ó bá ń gba ibẹ̀ láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, koríko á kú, ilẹ̀ á le, ẹsẹ̀ á sì mọ̀ ọ́n lóru. Bí ó bá wá pa á tì, igbó á bò ó. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti le. Ẹni tó bá gbé àdá padà síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún pípẹ́ kò ní jìyà tó ẹni tó ń la ọ̀nà tuntun. Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, fi èyí hàn ní 1885 nígbà tó ń dán ara rẹ̀ wò: ohun tó rò pé òun ti gbàgbé pátápátá kò gbà á ní àkókò tó ti àkọ́kọ́ láti kọ́ padà. Ìdí rèé tí ẹni tí kò fọ èdè ìlú rẹ̀ fún ogún ọdún fi lè dé ilé, kó kọ́kọ́ máa kólòlò, kó sì di ọjọ́ kẹta kó máa sọ ọ́ geere.

Ọmọdé ni ọ̀nà inú ọpọlọ rẹ̀ ń là jù. Ọpọlọ ọmọ kékeré ń ṣe ìsopọ̀ tó pọ̀ ju ohun tó nílò lọ, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gé àwọn tí kò rí lò dànù. Iṣẹ́ yìí ń lọ títí ènìyàn fi di ẹni nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Èwo wá ni ọpọlọ ń fi sílẹ̀? Èyí tí wọ́n ń tẹ̀ lójoojúmọ́ ni. Fún ọmọ tó dàgbà ní Eruku, ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ ni ohùn ìyá rẹ̀, àpáta tó ń rí láti ẹnu ọ̀nà, ọ̀nà ọjà, agogo ilé ìjọsìn, bí oòrùn ṣe ń wọ̀ lẹ́yìn òkè. Ìlú náà ni ohun èlò tí ọpọlọ rẹ̀ fi kọ́ ara rẹ̀. Gbólóhùn yìí ni ọ̀pá ìdúró gbogbo orí yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ẹ̀yà ara tó mọ ibi tí a wà

Ní ọdún 1971, John O'Keefe àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Jonathan Dostrovsky, ní University College London, ki wáyà tó tín-ín-rín gan-an bọ inú ọpọlọ eku kí wọ́n lè gbọ́ ohun tí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Apá tí wọ́n ń tẹ́tí sí wà ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ níhà etí, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Àká ìrántí ni n ó máa pè é. Wọ́n rí i pé sẹ́ẹ̀lì kan á dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí eku náà yóò fi dé igun kan, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ kíkankíkan. Bí eku bá kúrò níbẹ̀, á tún dákẹ́. Sẹ́ẹ̀lì mìíràn ní ibi tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a pe irú wọn ní sẹ́ẹ̀lì amọbi. Ní 2005, May-Britt Moser àti Edvard Moser pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn, ní Trondheim ní Norway, jábọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ tó ń ránṣẹ́ ní ìwọ̀n àyè kan náà bí eku ṣe ń rìn, bí ẹni ń wọn ilẹ̀: sẹ́ẹ̀lì awọnlẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, O'Keefe àti tọkọtaya Moser, ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel ti ìṣègùn ní 2014.

Ohun tó kàn wá níbẹ̀ ni pé àká ìrántí kan náà yìí ló tún ń gba ìṣẹ̀lẹ̀ ayé wa sílẹ̀. Ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ jọ ń wọlé ni. Gbìyànjú kí o rántí ìyá rẹ àgbà. Kò ní dá dúró nínú òfìfo: á jókòó síbì kan, lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, tàbí lẹ́nu ọ̀nà ọgbà. Nítorí èyí ni a kò ṣe lè yọ ìlú kúrò lára àwọn ènìyàn tí a fẹ́ràn níbẹ̀.

Báwo la ṣe mọ̀ pé ilé àtijọ́ wọ inú ọpọlọ ju ilé tuntun lọ? Ìtàn ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Henry Molaison, là á yé wa. Wárápá ń dà á láàmú, ní 1953 oníṣẹ́ abẹ kan ní Hartford sì gé apá tó pọ̀ nínú àká ìrántí rẹ̀ kúrò, lọ́tùn-ún àti lósì. Wárápá náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn kò lè fi ohun tuntun sọ́kàn mọ́. Nígbà tí dókítà náà àti Brenda Milner, tó yẹ̀ ẹ́ wò, kọ ìròyìn wọn ní 1957, ìdílé rẹ̀ ti kó lọ sí ilé mìíràn lójú títì kan náà fún oṣù mẹ́wàá. Kò tíì mọ àdírẹ́sì ilé tuntun, wọn kò sì lè jẹ́ kó dá wálé. Àdírẹ́sì ilé àtijọ́ ńkọ́? Ó mọ̀ ọ́n láìṣì. Ohun tí a bá ti tẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kì í gbé inú àká nìkan mọ́: ó ti tàn dé èèpo òkè ọpọlọ, ó sì ti ní ọ̀nà púpọ̀ tí a lè gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Imú àti òjò àkọ́rọ̀

Ní agbègbè Eruku, ọ̀gbẹlẹ̀ ń gùn láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta. Ọyẹ́ á fẹ́, ilẹ̀ á gbẹ, á sì sán. Lẹ́yìn náà òjò àkọ́rọ̀ á kán sílẹ̀, òórùn kan á sì gba ojú ọjọ́ kan. Kò sí ọmọ ibẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n.

Nínú ilẹ̀ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń jẹ́ Streptomyces. Wọ́n ń ṣe èròjà kan, geosmin, tí imú ènìyàn lè gbọ́ bí kò tilẹ̀ ju ìdá mélòó kan nínú tírílíọ̀nù lọ. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, òróró tó ń ti ara ewéko jáde náà á máa kó jọ sára iyẹ̀pẹ̀ àti òkúta. Isabel Bear àti Richard Thomas, ọmọ ilẹ̀ Australia, ló ṣàlàyé òróró yìí ní 1964. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ní MIT ní Amẹ́ríkà fi kámẹ́rà ayára-bí-àṣá ya ìkán òjò bó ṣe ń bọ́ sílẹ̀. Bó ti ń balẹ̀, afẹ́fẹ́ tó wà nínú ihò iyẹ̀pẹ̀ á há sábẹ́ rẹ̀, á di ìfóófòó kéékèèké, á gòkè, á bẹ́, á sì fọ́n omi lẹ́búlẹ́bú sókè pẹ̀lú òórùn náà. Atẹ́gùn á wá gbé e wá bá imú.

Kí ló dé tí òórùn bẹ́ẹ̀ fi ń mú ènìyàn rántí ilé ju fọ́tò lọ? Ọ̀nà tó ń gbà ló fà á. Ohun tí ojú rí àti ohun tí etí gbọ́ ní láti kọ́kọ́ yà sí ibì kan láàárín ọpọlọ tí n ó pè ní oríta ìròyìn, kí wọ́n tó lọ síbi tí wọ́n ń lọ. Òórùn kì í yà síbẹ̀. Láti imú, ó ń kọjá sí ibi ìgbòórùn tó wà lókè ihò imú gan-an, láti ibẹ̀ ó sì ń wọ kóró ìmọ̀lára tààrà, ìyẹn apá kékeré tó ń mọ ẹ̀rù àti ayọ̀, tó fara ti àká ìrántí. Linda Buck àti Richard Axel, tí wọ́n ṣàwárí ní 1991 bí imú ṣe ń dá òórùn mọ̀, tí wọ́n sì gba Nobel ní 2004, jẹ́ kí a mọ̀ pé oríṣiríṣi agbòórùn ló wà nínú imú. Ti ènìyàn tó nǹkan bí irinwó. Òórùn kan á tẹ àwọn kan nínú wọn, òmíràn á tẹ àwọn mìíràn, àpapọ̀ àwọn tó tẹ̀ ni ọpọlọ fi ń mọ irú lọ́tọ̀, epo gbígbóná lọ́tọ̀, èéfín igbó lọ́tọ̀. Nítorí náà, ọmọ Eruku tó ṣí ike irú ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, lè ti rí ara rẹ̀ ní ìdáná ìyá rẹ̀ kó tó dá orúkọ ohun tó ń gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ̀.

Kóró ìmọ̀lára yìí ní iṣẹ́ mìíràn. Bí ẹ̀rù bá bà wá tàbí tí ayọ̀ gbà wá lọ́kàn, omi ara tó ń mú ọkàn lù kìkì á tú jáde, kóró ìmọ̀lára á sì sọ fún àká ìrántí pé kó di èyí mú ṣinṣin. Ẹ wo ọdún Ẹpa, tó jẹ́ ti ilẹ̀ Èkìtì àti agbègbè yìí. Ìtì igi kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gbẹ́ orí Ẹpa, pẹ̀lú jagunjagun orí ẹṣin tàbí abiyamọ lókè rẹ̀, ó sì lè wúwo ju kílò ogún lọ. Ẹni tó gbé e rù á máa jó, á sì fò gun òkìtì ilẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn. Àyà á máa já, ìlù á máa dún, àwọn obìnrin á máa kọrin. Àwọn agbẹ́gilére ńlá bí Àreògún ará Òsì àti Bámigbóyè ará Òdò-Ọwà ló gbẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní 2022, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn ńlá fún iṣẹ́ Bámigbóyè. Ẹni tó kọ́kọ́ rí ère náà nínú gíláàsì á rí iṣẹ́ ọnà. Ẹni tó rí i lọ́mọ ọdún méje nígbà tó ń fò á tún gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe já lọ́jọ́ náà.

Etí, ahọ́n, àti àwọn ọdún èwe

Etí ti ń gbọ́rọ̀ kí a tó bí ọmọ. Láti nǹkan bí oṣù keje oyún, ohùn ìyá ń wọ inú lọ bá a. Ní 2009, Kathleen Wermke àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì gba ohùn ẹkún ọmọ tuntun ọgọ́ta, ọgbọ̀n ọmọ Faransé, ọgbọ̀n ọmọ Jámánì. Ẹkún àwọn ọmọ Faransé ń gòkè, ti àwọn ọmọ Jámánì ń sọ̀ kalẹ̀, bí ohùn èdè ìyá wọn ṣe rí gẹ́lẹ́. Nígbà tí wọ́n wá gbọ́ ẹkún àwọn ọmọ Nso ní Kamẹrúùnù, tí èdè wọn ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa, ẹkún náà lọ sókè sódò ju ti àwọn ọmọ Jámánì lọ. Ahọ́n pẹ̀lú ń kẹ́kọ̀ọ́ nínú oyún. Julie Mennella fi hàn ní 2001 pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ mu omi kárọ́ọ̀tì ní ìparí oyún máa ń gba oúnjẹ tó ní kárọ́ọ̀tì dáadáa nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Nítorí náà ẹ̀ka-èdè ìlú ẹni kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán létí. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Èkìtì, uṣu ni iṣu, ulé sì ni ilé. Bí ẹni tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti inú oyún bá gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀ ní Ojúẹlẹ́gbà, ní Èkó, á ti yíjú padà kó tó ronú.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Bí a bá ní kí àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún sọ ohun tí wọ́n rántí jù nínú ayé wọn, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n á sọ máa ń jẹ́ ti àárín ọdún mẹ́wàá sí ọgbọ̀n. Àwọn onímọ̀ ti rí èyí léraléra ní ilẹ̀ púpọ̀. Bí wọ́n bá yà á sórí ìwé, ó ń gòkè níbẹ̀, nítorí náà òkìtì ìrántí ni orúkọ tó yẹ ẹ́. Àkókò yẹn ni ọ̀pọ̀ nǹkan ń ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn fún ìgbà àkọ́kọ́: ọ̀rẹ́ gidi, ìfẹ́, iṣẹ́, ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó kúrò nílé lọ́mọ ọdún méjìdínlógún gbé apá kan òkìtì náà lọ. Ìdí rèé tí ìlú tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò fi darúgbó. Bó bá padà dé, tó bá orúlé tuntun, ọjà tó ti ṣí kúrò, àti ibojì níbi tó ti mọ ènìyàn, ọ̀fọ̀ kékeré kan á ṣẹ̀ ẹ́. Kò sí àbùkù níbẹ̀: ìlú náà ló rìn síwájú nígbà tí àwòrán rẹ̀ dúró.

Àwọn tí a kò bí síbẹ̀ ńkọ́?

Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti imú àti etí nìkan, ọmọ tí a bí sí àjò kò ní ní ìlú bàbá mọ́. Ìtàn kọ́ wa pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù November ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá tó ń ṣòwò níbẹ̀ láti ìran dé ìran pọ̀, láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Èjìgbò àti àwọn ìlú mìíràn. Ọ̀pọ̀ wọn di ẹrù. Àwọn ọmọ wọn tí a bí sí Kumasi tàbí Tamale gbọ́ pé ilé ni àwọn ń lọ, ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò dé rí. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ wà ní Gánà, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ òbí tẹ̀ sì wà nílé.

Orísun méjì ni ìfàmọ́ ìlú ní, nígbà náà. Ọ̀kan ń ti ara wá, èkejì ń ti ẹnu àti ìṣe àwọn ènìyàn wá. Lillian Trager, tó lọ ṣèwádìí nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, gbé ìwé kan jáde ní 2001, Yoruba Hometowns, tó sọ bí àwọn tí kò gbé ìlú wọn ṣe ń fi ìpàdé ẹgbẹ́, ayẹyẹ, ilé kíkọ́ àti ìdáwó di ọmọ ìlú lọ́dọọdún. Ìlú ẹni jẹ́ ohun tí à ń ṣe, kò parí síbi tí wọ́n bí wa. Ọpọlọ sì ní àyè fún ju ọ̀kan lọ. Àwọn tó tẹ̀lé ipa ẹsẹ̀ O'Keefe rí i pé bí eku bá wọ yàrá mìíràn, àwọn sẹ́ẹ̀lì amọbi á ya àwòrán tuntun fún ibẹ̀, wọn kò sì ní pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ràn Ìlọrin tàbí Lọ́ńdọ̀nù kò tíì kọ Eruku sílẹ̀.

Iṣẹ́ tí àárò ilé ń ṣe

Bí àárò ilé bá ń dun ni, kí ló dé tí ara kò fi jù ú nù? Nítorí pé ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Constantine Sedikides àti Tim Wildschut, ní Yunifásítì Southampton ní England, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, gbé ìwádìí wọn lórí nostalgia, àárò ohun àtijọ́, jáde ní 2006. Wọ́n rí i pé ìbànújẹ́ àti ìdánìkanwà ló sábà máa ń ta àárò àtijọ́ jí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ènìyàn bá ti jókòó tì í, tí wọ́n rántí ọjọ́ kan tó dùn sẹ́yìn, wọ́n á ní àwọn mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn àwọn, wọ́n á sì níyì lójú ara wọn ju àwọn tó kàn rántí ohun lásán lọ. Nínú ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2012, wọ́n rí i pé àárò yìí máa ń wá nígbà tí òtútù bá mú, ó sì máa ń mú kí yàrá tutù náà dà bíi pé ó móoru díẹ̀. Àwọn tó ń gbé ilẹ̀ òtútù á gbà pẹ̀lú wọn.

Hofer rí ìrora, ó pè é ní àrùn. Ohun tí a mọ̀ lónìí ni pé ara ń fi ìrora náà pè wá sí ohun tó ń ràn wá lọ́wọ́. Ó yẹ kí a tọ́jú rẹ̀ bí ó bá pọ̀ débi pé ènìyàn kò lè jẹun, kò lè sùn, tí kò sì fẹ́ mọ ẹnikẹ́ni níbi tó wà. Nígbà náà, kí ó wá dókítà tàbí ẹni tó mọ̀ nípa ìtọ́jú ọkàn.

Nígbà tí ìlú ẹni bá wà nínú ewu

Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ palẹ̀ ẹrù mọ́ yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n lé. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ìjọba ìlú Boston ní Amẹ́ríkà wó àdúgbò kan tó ń jẹ́ West End palẹ̀. Marc Fried bá àwọn tó kúrò níbẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1963. Fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì nínú àwọn obìnrin ló ń ṣọ̀fọ̀ àdúgbò náà gan-an bí ẹni tí ènìyàn rẹ̀ kú: omijé, àìsùn, ara ríro. Ẹni tí wọ́n gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ ti pàdánù ẹsẹ̀ títì, aládùúgbò àti ìgbà èwe lẹ́ẹ̀kan náà.

Irú ewu tó ń lé ènìyàn kúrò nílé ti dé Eruku náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 November 2025, àwọn agbébọn wọ ilé ìjọsìn Christ Apostolic Church kan níbẹ̀ nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó ènìyàn 38 lọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà ni àwọn tí wọ́n kó lọ gba ìtúsílẹ̀. Ìjọ náà ń gbé ìsìn ọjọ́ yẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà fídíò rẹ̀ dé ọwọ́ gbogbo ayé. Ẹni tí kò mọ ibẹ̀ rí ìròyìn búburú. Ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi rí ojú ọ̀nà tó mọ̀, ó mọ ilé tó tẹ̀ lé e, ó mọ ibi tí wọ́n lè sá gbà. Àwòrán tó ti wà nínú àká ìrántí rẹ̀ láti èwe ni ọpọlọ fi gba ìròyìn náà, ó sì gbé e síbi tó ti ṣẹlẹ̀ gan-an. Bí àyà rẹ̀ ṣe já, tí kò lè sùn, ọ̀nà tí mo ti ń ṣàlàyé látẹ̀yìnwá ni ó gbà.

Àwọn tó kó kúrò lẹ́yìn irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ nílò ju ilé àti oúnjẹ lọ. Kí a má ṣe fi "ṣebí ẹ̀mí rẹ wà" pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ wọ́n, ó sì yẹ kí a bá wọn ṣe é. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí àwọn tó jọ ń gbé tẹ́lẹ̀ tún jọ gbé ibì kan, nítorí pé apá tó ń ti ara àwọn ènìyàn wá nínú ìfàmọ́ ìlú ṣeé gbé rìnrìn àjò.

Bí a ṣe ń la ọ̀nà náà fún ọmọ

Òbí tó fẹ́ kí ọmọ tí a bí sí àjò mọ ìlú rẹ̀ lè wá mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ìtàn dára, ṣùgbọ́n ìtàn nìkan kì í tẹ ilẹ̀ le. Kí ọmọ dé ilé nígbà tó ṣì kéré, nígbà tí ọpọlọ rẹ̀ ń la ọ̀nà jù. Kí ó dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọjà àti oko, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì amọbi ń mọ ibi tí a rìn ju ibi tí mọ́tò sáré kọjá lọ. Kí òjò pa á níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí ó ní ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣeré. Nígbà tó bá padà sí àjò, kí ìyá àgbà máa bá a sọ ẹ̀ka-èdè ìlú lórí fóònù, kí irú máa wọ ọbẹ̀, kí ó máa bá òbí rẹ̀ lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú.

Gbogbo èyí dúró lórí pé ọ̀nà ilé ṣeé gbà. Ìran kan tí kò lè mú ọmọ rẹ̀ dé Eruku nítorí ẹ̀rù á fún ọmọ náà ní orúkọ ìlú láìfún un ní ìlú, bí ó bá sì di ìran méjì, orúkọ nìkan ló kù. Nítorí náà, ẹni tó bá ń bèèrè ààbò fún Eruku, Òsì, Ìlọ́fà àti gbogbo agbègbè yẹn lọ́wọ́ ìjọba ń bèèrè fún ju àwọn tó ń sùn níbẹ̀ lálẹ́ yìí lọ. Ó ń bèèrè fún ọmọ kan tí kò tíì dé ibẹ̀ rí, tó yẹ kí ó lo ìsinmi gígùn ilé ìwé rẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀.